Agogo Ìjókòó Iwájú

Kí Léandre tó rí obìnrin náà, agogo ọkọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́.

Ọjọ́ ọjà Sakété ni, oòrùn ti ga. Léandre, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ létí ọ̀nà tó lọ sí Pobè, ó ń so wáyà ọkọ̀ akẹ́rù kan, ni nǹkan bá ń dún bọ̀ láti ọ̀ọ́kán: tiin, tiin, tiin. Kò dákẹ́ títí ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú kan fi yà síwájú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí wọ́n ń pè ní bìdọ́ọ̀nù kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fọ́fọ́. Obìnrin tó wà á yọ orí síta, ojú rẹ̀ le bí ojú abiyamọ tí ọmọ kò jẹ́ kó sùn.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ nǹkan yìí?" Ó nawọ́ sí pátákó ẹnu ọ̀nà: GBÉ E WÁ, YÓÒ DÁKẸ́.

"Èmi ni, màdáámù. Ọkọ̀ nìkan ni mo lè pa lẹ́nu mọ́ o. Tó bá jẹ́ bàálé ilé ni, agbára mi ò ká a."

"Bàálé ilé ti kú," ni obìnrin náà wí. "Ọdún mẹ́ta rèé."

Ojú ti Léandre. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó nu àga fún un kó jókòó, ó sì bi í léèrè ohun tí ọkọ̀ ń ṣe.

"Ó ń bá mi jà ni. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, á dún. Tí mo bá gbàgbé iná, á dún. Èyí tó burú jù ni ti ìjókòó iwájú. Ó ní ẹnìkan jókòó síbẹ̀ tí kò de ìgbànú. Mo de ìgbànú náà mọ́ àga lásán, kò gbọ́. Ẹ wá wò ó. Ta lẹ rí níbẹ̀?"

Léandre bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àga òfìfo ni, ó mọ́ tónítóní.

"N kò rí ẹnikẹ́ni."

"Èmi náà ò rí i," ni obìnrin náà wí.

Ornella ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ra epo ní Towé, ó ń gbé e wá tà ní Sakété. Ilé ọkọ rẹ̀ ní Pobè ló ṣì ń gbé, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan. Martial lọ́kọ náà ń jẹ́, òun ló sì ni ọkọ̀ yìí. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni Ornella ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Iṣẹ́ tí Léandre lè fi òwúrọ̀ kan parí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ẹ má bá a wí jù. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, kò ní aya, ìyá rẹ̀ sì ti rọ̀ ọ́ kó gbéyàwó títí ẹnu fi rẹ obìnrin yẹn. Ó wá pàdé ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, tó sì máa ń dùn bí ó bá dé. Lọ́jọ́ kìíní, ó pa agogo ilẹ̀kùn. Nígbà kejì, ó pa ti iná. Ní gbogbo ìgbà ló ń sọ pé ó ku ọ̀kan, àti pé ọ̀kan náà ló le jù.

"Ọ̀gá Léandre, iṣẹ́ yín mà pẹ́ o."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, màdáámù."

"Ẹ̀sọ̀ yìí ti fẹ́ẹ̀ di oṣù kan."

Bí ọjọ́ ọjà bá pé, etí Léandre á wà lójú ọ̀nà. Bí ó bá ti gbọ́ tí agogo náà ń bọ̀ lókèèrè, á fi omi bọ́jú, á pa ẹ̀wù dà. Ornella á já epo rẹ̀ lọ́jà, á padà wá jókòó sórí bẹ́ńṣì, àwọn méjèèjì á jọ jẹ ẹ̀kọ àti ẹja díndín. Ó ń sọ fún Léandre nípa epo tó dì àti epo tó ṣàn, Léandre ń sọ fún un nípa ọkọ̀ tó ń fi èdè àwọn òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ bá olówó rẹ̀ wí. Ornella rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Léandre kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ornella, mo fẹ́ jẹ́wọ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n ti sọ fún mi ní Pobè pé iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí."

Ọkàn Léandre fò sókè. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, òun fẹ́ fi ṣe aya, òun sì ṣe tán láti wá bá àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Pobè. Àga iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ni Ornella ń wò.

"Tí mo bá wà nínú ọkọ̀ yìí," ló wí nígbà tó yá, "tí nǹkan yìí ń dún létí mi, ńṣe ló ń dà bíi pé Martial ń wò mí. N kò lè dá ọkùnrin lóhùn báyẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá pa á lẹ́nu mọ́, ẹ wá gbèsì."

"Ẹ má kúrò níbẹ̀," ni Léandre wí. Ó ti mú irinṣẹ́.

Ó tú àga náà, ó ká awọ rẹ̀, ó gbé tìmùtìmù kúrò. Abẹ́ rẹ̀ ni ohun tó ń wá wà: ike pẹlẹbẹ kan, tí bàbà tín-ín-rín là kọjá nínú rẹ̀ bí iṣan ewé. Òun ló ń sọ fún ọkọ̀ pé ènìyàn jókòó. Léandre gbé e sókè sí oòrùn. Omi ti wọ̀ ọ́. Omi náà ti gbẹ, ó sì fi ojú funfun sílẹ̀ yíká. Kì í ṣe omi òjò, torí àárín àga gan-an ló ti wọlé, ó sì pọ̀. Ọmọrí ìgò omi kan, aláwọ̀ búlúù, tún yí jáde láti abẹ́ àga, ó bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ Léandre níṣẹ́ ní Porto-Novo máa ń sọ pé, "Kí o tó pa ọkọ̀ lẹ́nu mọ́, bèèrè ẹni tó ń gbọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ náà wá sí i lọ́kàn níbi tó dúró sí. Ta ló da omi tó tó báyìí sórí àga ọkọ̀? Ìbéèrè náà dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú gba "bẹ́ẹ̀ ni" kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn. Ó gbé e mì.

Àṣà àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá yọ lára ọkọ̀, wọ́n á fi han ẹni tó ni ín, wọ́n á dì í fún un sínú ọ̀rá, kó má baà rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Léandre na ike náà sí Ornella.

"Ṣé ẹ máa mú un lọ?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ẹ sọ ọ́ nù."

Ó jù ú sórí òkìtì ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ lẹ́yìn àtíbàbà. Ó so wáyà tó yẹ kó so, ó tún àga tò. Àwọn méjèèjì wọkọ̀, wọ́n wà á títí dé Aguidi. Kò dún. Ornella dúró lábẹ́ igi mángòrò kan, ó pa ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni kí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni èsì mi, Léandre. Àbí o fẹ́ kí n kọ ọ́ sí pátákó?"

Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é ní "o". Inú Léandre dùn débi pé kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Léandre wá sí Pobè láti kí Ìyá Martial. Ìjọ aláṣọ funfun ni Ìyá ń lọ, àwọn tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Arúgbó jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Àwọn fúnra wọn ti sọ fún Ornella lẹ́ẹ̀mejì pé kó fẹ́ ọkọ mìíràn: "Ọmọ mi ló kú. Ìwọ ò kú." Wọ́n gba ìkíni Léandre tayọ̀tayọ̀, wọ́n bi í léèrè ìyá rẹ̀, wọ́n ní kó jẹ́ kí gbogbo wọn jọ lọ sí ìsìn.

Ìyá wọlé sẹ́yìn ọkọ̀, ní ẹ̀yìn ìjókòó iwájú gan-an, ibi tí wọ́n ti ń jókòó láti ọdún mẹ́ta. Léandre jókòó síwájú, ó de ìgbànú rẹ̀ dáadáa. Ornella ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n jáde sí ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀, Ìyá na ọrùn síwájú.

"Ornella, kí ló ṣe ọkọ̀?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá. Léandre ti bá wa tún un ṣe. Kò ní fi ariwo pa wá mọ́."

Ìyá wo ẹ̀yìn orí Léandre níbi tó jókòó sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Dúró, kí n sọ̀."

"Ìyá, a ò tíì dé."

"Mo mọ ibi tí a dé. Dúró."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbá Bíbélì mọ́ àyà, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán rin ìyókù ọ̀nà lórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná. Ornella wakọ̀ tẹ̀lé wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń bẹ̀ wọ́n láti ojú fèrèsé.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá kò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Bí wọ́n bá bi wọ́n, wọ́n á ní ẹsẹ̀ àwọn ló fẹ́ rìn. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ dín kù. Ornella rò pé ojú Léandre ni wọn kò fẹ́ rí, Léandre náà rò bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ra búrẹ́dì àti ọsàn, ó gun alùpùpù lọ sí Pobè, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn.

"Ìyá, mo wá bèèrè ni. Kí ni mo ṣe?"

"Dìde, ọmọ mi. Jókòó. O ò ṣe nǹkan tó burú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ lo ṣe." Wọ́n bó ọsàn kan tán, wọn kò sì jẹ ẹ́. "Ọjọ́ tí a ń gbé Martial lọ sí Cotonou, iwájú ló jókòó. Lambert, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń wakọ̀. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Nígbà tí a dé Sakété lọ́dọ̀ yín, mo ní kí Lambert ra omi ìgò mẹ́ta. Mo ń bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, mo ń dà á sí i lórí, títí a fi dé Porto-Novo. Ó wá ní, 'Ìyá, ó tutù dáadáa.' Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Gbogbo omi yẹn, inú àga ló wọ̀. Láti ọjọ́ náà ni agogo ti ń dún."

Léandre kò lè gbé ojú sókè.

"Orí mi ò dàrú," ni Ìyá wí. "Mo mọ̀ pé Martial kọ́ ló jókòó síbẹ̀. Ìdí tí n ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn, kí àwọn alàgbà ìjọ má baà ní mo ń bá òkú sọ̀rọ̀. Omi ọwọ́ mi ni mò ń gbọ́. Tó bá ti dún, màá sọ nínú mi pé, ó ṣì tutù."

"Ẹ ò sọ fún Ornella?"

"Ornella ò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti lọ ra bìdọ́ọ̀nù ní Porto-Novo láti àárọ̀. Ilé ìwòsàn ló ti bá wa, Martial ò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí di òní. Ṣé kí n tún wá gbé èyí lé e?"

Àṣé Ornella dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ omi tó fẹ́ gbé fún àlejò. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó padà sẹ́yìn ilé.

Léandre sáré padà sí Sakété. Òkìtì ẹ̀yìn àtíbàbà ti lọ. Àwọn tó ń ra ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ti kó o tipẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó tẹ̀lé wọn kọjá ìpààlà títí ó fi rí Bọ́láwájí, oníṣòwò ará Nàìjíríà tó máa ń ra tirẹ̀.

"Ike pẹlẹbẹ?" Bọ́láwájí fi ẹ̀rín dáhùn. "Ọ̀rẹ́ mi, ìyẹn ti jóná láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bàbà inú ẹ̀ la máa ń wá. Ṣé góòlù wà nínú ẹ̀ ni?"

"Omi ló wà nínú ẹ̀," ni Léandre wí. Bọ́láwájí wò ó, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó rí nígbà tó padà dé àtíbàbà ni ọmọrí ìgò búlúù náà, tó yí sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi í sápò.

Ó yọ irú ike náà láti inú ọkọ̀ mìíràn tó ti dẹnu kọlẹ̀. Ó gba ọkọ̀ Ornella wá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, iṣẹ́ tó sì ti ń fi pa ariwo, òun ló wá fi ń wá ariwo kiri. Nígbà tó gbé ọkọ̀ padà sí Pobè, Ìyá gbà láti wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ gbéra, agogo dún: tiin, tiin, tiin. Ìyá pa ojú dé. Ornella di ìdarí ọkọ̀ mú ṣinṣin. Wọ́n dé oríta kí Ìyá tó fọwọ́ kan Léandre ní èjìká.

"O ṣeun, ọmọ mi. Kì í ṣe òun. Eléyìí mọ́ jù. Ti Martial máa ń kólòlò. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, kì í fẹ́ẹ̀ dún. Tí òjò bá rọ̀, á máa pariwo. Yọ ọ́, má fi ariwo pa ọmọbìnrin mi." Wọ́n gbọn orí. "Mo ti dárí jì ọ́. Kò sí nǹkan kan nínú mi."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé etí ìdílé. Lambert wá láti Porto-Novo, ó pe ìpàdé sí yàrá ńlá ilé Pobè, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹni tó kó ohun tó kù lára àbúrò mi dà sórí ààtàn, òun ló tún fẹ́ kó aya rẹ̀?"

Ìyá ló sọ̀rọ̀.

"Lambert, ìwọ lo wakọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lo ra omi. Ọdún mẹ́ta lo fi gbọ́ agogo yẹn, o ò bi mí léèrè rí. Má di ẹ̀bi ru Léandre nìkan. Jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ara wọn."

Lambert tẹrí ba. Bí ìdílé ṣe yọ̀ǹda nìyẹn. Gbogbo ojú yí sí Ornella, Léandre sì rò nínú ara rẹ̀ pé ayọ̀ ti dé. Ornella ní kí wọ́n fún òun láyè títí di ọjọ́ ọjà.

Ọjọ́ ọjà pé. Léandre gbọ́ agogo náà lókèèrè, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó bọ́jú, ó pa ẹ̀wù dà. Ornella dúró, kò já epo kankan, torí kò gbé epo kankan wá.

"Ìyá ní kí o yọ ọ́," ló wí.

Léandre mú irinṣẹ́, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. "Kí ni èsì mi?"

"Mo ti fún ọ lésì ní Aguidi. Òótọ́ ni lọ́jọ́ náà."

"Lónìí ńkọ́? Ṣé o ò fẹ́ràn mi mọ́?"

"Mo fẹ́ràn rẹ, Léandre. Ká ní n ò fẹ́ràn rẹ ni, ì bá rọrùn."

"Kí ló wá dé, olólùfẹ́ mi?"

Ornella jókòó sórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ti máa ń jẹ ẹ̀kọ. "Mo ní kó dákẹ́ kí n lè rí ọ fẹ́. Ó dákẹ́. N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá ń da omi, ohun tó kù nínú omi náà ni mo tún ní kí o sọ nù. Tí mo bá rí ojú rẹ báyìí, ike yẹn ni mò ń rí lọ́wọ́ rẹ. Ìyá ti dárí jì mí. Èmi ni n ò tíì lè dárí ji ara mi."

"Ẹ̀bi mi ni," ni Léandre wí. "Mo rí ojú omi lára rẹ̀. Mo rí ọmọrí ìgò. Mo fẹ́ bèèrè, mo sì gbé e mì, torí èsì rẹ ni mo ń lé."

"Mo mọ̀. Mo rí ọ nígbà tí o gbé e sí oòrùn. Ojú rẹ yí padà. Èmi náà ò bi ọ́."

Ojú ọjà ń pariwo, àwọn ọlọ́kadà ń kọjá. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ti àwọn méjèèjì yìí sì ti jókòó sáàárín wọn kedere.

"Màá dúró dè ọ́," ni Léandre wí.

"Má dúró. Ìyá ti darúgbó, èmi ni wọ́n ní. Má fi ọjọ́ ayé rẹ ṣọ́ mi."

Ó yọ ike náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà á, torí kò sí ohun tó ń dá a dúró mọ́. Bí àṣà iṣẹ́ rẹ̀, ó fi sínú ọ̀rá. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ọmọrí búlúù náà jáde, ó fi kún un, ó so ẹnu ọ̀rá.

"Ṣé o máa mú un lọ?"

"Màá mú un lọ," ni Ornella wí. Ó rí ọmọrí náà láti ara ọ̀rá, ó sì mọ ohun tó jẹ́. Ó gbé e sórí ìjókòó iwájú. Ó di ọwọ́ Léandre mú, ó fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi sílẹ̀, ó wọkọ̀.

Léandre ti yọ pátákó rẹ̀ báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọkọ̀ aláriwo wá, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, "Ta ló ń gbọ́ ọ nílé?" Àwọn oníbàárà máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Á ṣáà dúró títí wọ́n á fi sọ fún un.

Bí ọjọ́ ọjà bá pé, ó ṣì máa ń bọ́jú láàárọ̀, ó ṣì máa ń na etí sí ọ̀nà Pobè. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, èyí tó bá kọjá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sídìí iṣẹ́, kò lè mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú náà ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Kò lè gbọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́.